Bí a ṣe ń gbé owó ọkọ̀ ojú irin ka orí kìlómítà: ìlànà fún ìlà rélùwéè Èkó

Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Oyìngbò tó sì sọ̀ ní Yábà kò jókòó pẹ́ bí ẹni tó ti wọ̀ ọ́ láti Agbádó. Bí iye kan náà bá ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ará Yábà á gbéra, á lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tirẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gbé kìkì àwọn tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ní owó tí kò tó ra epo. Kò sí kọndọ́ dánfó kan ní Èkó tó máa gba iye kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀ ní ibùdókọ̀ kejì àti ẹni tó ń lọ dé òpin. Ó mọ owó ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí.

Síbẹ̀, kìlómítà nìkan kọ́ ló ń sọ owó ọkọ̀ di èyí tó tọ́. Agbádó, Ìjù àti Aláàgbàdo kún fún àwọn tí owó ilé ìgboro lé dé ibẹ̀. Bí a bá kàn fi iye kan lu kìlómítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn gan-an la máa fìyà jẹ. Gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí ń wá bí ẹni tó ń lọ nítòsí kò ṣe ní san owó ẹlòmíràn, tí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn náà kò sì ní pa ọkọ̀ tì. Àwọn náírà tí a lò jẹ́ àpẹẹrẹ fún ìṣirò. Ẹ fi èyí tó bá ìlà tiyín mu rọ́pò wọn.

Ẹ wọn ọ̀nà irin, ẹ má wọn ọ̀nà mọ́tò

Tábìlì jíjìn ló ṣáájú. Blue Line láti Marina dé Mile 2 jẹ́ kìlómítà 13, pẹ̀lú ibùdó 5: Marina, National Theatre, Ìgànmú, Alábà àti Mile 2. Red Line láti Agbádó dé Oyìngbò jẹ́ kìlómítà 27, pẹ̀lú ibùdó 8: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣín, Yábà àti Oyìngbò. Láti mọ iye ibi méjì-méjì tí èrò lè rìn láàárín wọn, ẹ mú iye ibùdó, ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi èyí tó kù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì. Ibùdó 5 máa mú ìrìn 10 wá, ibùdó 8 máa mú 28 wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní kìlómítà tirẹ̀ lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ náírà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà tó ń tọ́jú ojú irin ni kí ẹ ti gba iye kìlómítà. Ìwé wọn ń sọ, ní mítà, ibi tí ibùdó kọ̀ọ̀kan bọ́ sí lórí irin. Ẹ kà á láti àárín pèpéle ibùdó kan dé àárín pèpéle èkejì. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹnì kan á ṣí máàpù orí fóònù, á da ohun tó rí níbẹ̀ kọ. Fóònù ń ka ọ̀nà mọ́tò, mọ́tò sì lè gba orí afárá tí irin kò gbà, tàbí kó yípo ibi tí irin ti kọjá tààrà. Lọ́jọ́ tí èrò kan bá wọn ọ̀nà fúnra rẹ̀, tó rí i pé tábìlì yín kò bá irin mu, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Ẹ kọ ọ́ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá: 5.3, kì í ṣe 5, kì í ṣe 6. Bí ẹ bá ń sọ 5.1 di 6, ẹni tó ń lọ nítòsí ló máa ru ẹrù náà jù, nítorí 0.9 lórí 5 wúwo ju 0.9 lórí 26 lọ. Lílọ àti bíbọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, kódà bí irin apá ọ̀tún bá fi mítà díẹ̀ gùn ju ti apá òsì.

Bí ìlà méjì bá pàdé, tí ọ̀nà tó lọ sí ibì kan sì ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà tó kúrú jù ni kí ẹ fi ṣírò. Géètì mọ ibi tí èrò wọlé àti ibi tó jáde nìkan; kò mọ ibi tó gbà láàárín.

Owó ìwọlé, àti owó kìlómítà tó ń rọ̀

Ìnáwó ibùdó kì í wo jíjìn. Gbígbá pèpéle, iná, ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rọ géètì, owó ẹni tó jókòó sídìí káàdì: iye kan náà ni wọ́n ń jẹ fún ẹni tó ń lọ kìlómítà 2 àti ẹni tó ń lọ 27. Àwọn ìnáwó yìí ló ń dá owó ìwọlé láre. Epo dísẹ́ẹ̀lì lórí Red Line, iná mànàmáná lórí Blue Line, àti jíjẹ tí irin ń jẹ táyà onírin ọkọ̀, àwọn ló ń pọ̀ bí kìlómítà ṣe ń pọ̀. Ìyẹn ni owó kìlómítà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjókòó kún un, nítorí ọ̀pọ̀ kì í rò ó. Ìjókòó tí èrò kan gbà láti Agbádó dé Oyìngbò kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn ní gbogbo ọ̀nà náà. Ìjókòó tí ẹnì kan gbà láti Oṣòdì sí Múṣín, ẹlòmíràn lè jókòó síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Oyìngbò. Èrò tó ń lọ nítòsí kì í ṣe ẹrù fún ọkọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìjókòó kan pa owó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi owó ìwọlé tó wúwo lé e jáde.

Àpẹẹrẹ wa nìyí. Owó ìwọlé, ₦200. Kìlómítà 10 àkọ́kọ́, ₦40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 10 dé 20, ₦30. Lẹ́yìn 20, ₦20. Ẹni tó ń lọ kìlómítà 2 máa san ₦280. Kìlómítà 5 jẹ́ ₦400, 9 jẹ́ ₦560. Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, jẹ́ ₦690: 200 ìwọlé, 400 fún mẹ́wàá àkọ́kọ́, 90 fún mẹ́ta tó kù. Agbádó sí Oyìngbò, kìlómítà 27, jẹ́ ₦1,040: 200, 400, 300, àti 140. Ká ní ₦50 gbọnrangandan lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan la gbà láìsí owó ìwọlé, ẹni kìlómítà 2 á san ₦100 péré, owó tí kò tó bo ìnáwó géètì, ará Agbádó á sì san ₦1,350.

Nínú Excel, ẹ kọ jíjìn sí B2, kí ẹ kọ èyí sí C2 (MROUND ló ń sún owó sí ₦10 tó súnmọ́ jù):

=MROUND(200+40*MIN(B2,10)+30*MAX(0,MIN(B2,20)-10)+20*MAX(0,B2-20),10)

Ẹ fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ gbogbo ìrìn 28 náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ṣírò mẹ́ta nínú wọn: èyí tó kúrú jù, èyí tó gùn jù, àti ọ̀kan tó ju kìlómítà 10 lọ díẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó kọ ọ́ á jẹ́ kí ₦30 bo gbogbo ọ̀nà bí jíjìn bá ti kọjá 10. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kìlómítà 9.9 á jẹ́ ₦600, kìlómítà 10.5 á sì jábọ́ sí ₦520. Ẹni tó lọ jìnnà jù á san owó tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ àwọn èrò Èkó á rí i kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Ẹ̀rín náírà mẹ́wàá, ẹkún àádọ́ta

Àwọn tó ti ń gba owó lọ́wọ́ tipẹ́ fẹ́ràn kí owó parí sí ₦50 tàbí ₦100, nítorí wàhálà ṣéńjì. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" ni orin gbogbo dánfó. Ṣùgbọ́n káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ojú irin Èkó, káàdì kò sì mọ ṣéńjì. Ẹ jẹ́ kí owó parí sí ₦10. Ìdí rẹ̀ jìn ju ẹwà lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ẹ fẹ́ gbé owó kìlómítà àkọ́kọ́ láti ₦40 sí ₦42. Bó bá jẹ́ ₦50 tó súnmọ́ jù lẹ ń sún owó sí, ẹni kìlómítà 2 á ṣì san ₦300, ẹni 5 á ṣì san ₦400, ẹni 13 á ṣì san ₦700, ẹni 27 á ṣì san ₦1,050. Ẹni kìlómítà 9 nìkan ló máa fò láti ₦550 sí ₦600. Ẹ rò pé ẹ fi náírà méjì kún owó gbogbo ayé, kò sì dun ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó ń gbé ní ibi kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń sún un sí ₦10, ẹni 5 á kúrò ní ₦400 sí ₦410, ẹni 9 á kúrò ní ₦560 sí ₦580, ẹni 13 á dé ₦710, ẹni 27 á dé ₦1,060. Díẹ̀díẹ̀ ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀dínwó ọmọ iléèwé tàbí ti àgbàlagbà: ẹ ṣírò owó tán, ẹ yọ ẹ̀dínwó, kí ẹ tó sún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sún un kó tó yọ ẹ̀dínwó máa rí owó bíi ₦345 tí kò bá tábìlì mu.

Bí èrò bá lè gé ìrìn sí méjì

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa ní Bìrìtìkó: tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọ̀nà kan lè kéré sí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ lórí ìlà tiyín, nítorí èrò tó bá mọ̀ ọ́n á máa jáde ní àárín ọ̀nà láti tún káàdì fi kan géètì, á sì dí ẹnu ọ̀nà fún àwọn yòókù.

Owó onípele ló sábà ń fà á. Ká ní kìlómítà 0 sí 5 jẹ́ ₦200, 5 sí 10 jẹ́ ₦450. Ẹni tó ń lọ 8 máa san ₦450; bó bá jáde ní ìdajì tó tún wọlé, ₦400 ni. Delhi ń lo ìpele lórí mẹ́tírò rẹ̀, ìpele 0 sí 2, 2 sí 5, 5 sí 12 àti bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rọrùn fún ojú láti kà. Àmọ́ ibi tí ìpele kan ti parí ni ìjà máa ń wà: ibùdó tó wà ní kìlómítà 5.1 á máa bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Lórí ìlà tó ní ibùdó 5 tàbí 8, a kò rí ìdí tí ẹ ó fi lo ìpele.

Owó ìwọlé ń dáàbò bò yín, nítorí ẹni tó gé ìrìn á san án lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà tó dájú ni pé kí owó ìwọlé ju ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ẹ ń sún owó sí lọ. Bí ẹ bá ń sún un sí ₦10, ìwọlé gbọ́dọ̀ ju ₦15 lọ. Bó bá jẹ́ ₦50, kó ju ₦75. Síbẹ̀, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ibùdó 8 ní ibùdó mẹ́ta-mẹ́ta 56 tí ẹ lè mú. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó láti èkíní sí ìkẹta kò gbọ́dọ̀ ju àpapọ̀ owó ìdajì méjèèjì lọ. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni nínú Excel.

Ṣé owó tó ń wọlé ò ní fọ́?

Ẹ̀rọ géètì ti mọ iye èrò tó ń rìn láàárín ibùdó méjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní ọdún tàbí ìyanṣẹ́lódì nínú, ẹ ka òwúrọ̀ sọ́tọ̀, ọ̀sán sọ́tọ̀.

Fún àpẹẹrẹ, ìlà kan ń gba ₦600 lọ́wọ́ gbogbo èrò. Nínú ìrìn 1,000, 150 jẹ́ kìlómítà 2, 250 jẹ́ 5, 250 jẹ́ 9, 200 jẹ́ 13, 150 jẹ́ 27. Owó àtijọ́ jẹ́ ₦600,000. Lórí tábìlì tuntun, ó jẹ́ 42,000 pẹ̀lú 100,000, pẹ̀lú 140,000, pẹ̀lú 138,000, pẹ̀lú 156,000: ₦576,000. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Bí ẹ bá gbé ₦40 àkọ́kọ́ sí ₦42, ó di ₦590,500, àìtó náà kò pé ìdá méjì mọ́. Èrò tuntun tó ń lọ nítòsí lè dí i, ṣùgbọ́n ẹ má kọ wọ́n sínú ìṣirò kí wọ́n tó dé.

Nípa àwọn tó máa sá, ìṣirò tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ni pé bí owó bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, nǹkan bí ìdá 3 nínú èrò máa lọ. Ó ṣeé gbára lé fún ìyípadà kékeré. Kò ṣeé gbára lé fún ará Agbádó nínú àpẹẹrẹ yìí, tó ń kúrò ní ₦600 lọ sí ₦1,040: ìyẹn ju ìdá 70 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìfò bẹ́ẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ dín owó ẹni tó ń lọ nítòsí kù lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá gbé ti ọ̀nà jíjìn lọ sókè ní ìdá mẹ́ta-mẹ́ta láàárín ọdún kan ó lé. Ẹni tó ní kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ bi í bí òun ṣe máa dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìlú Paris tiẹ̀ yíjú sí ọ̀nà mìíràn: ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tírò àti ọkọ̀ ojú irin di iye kan ṣoṣo, €2.50 nígbà náà, káàkiri ẹkùn náà, ìbáà jìn, ìbáà súnmọ́, àfi ti pápákọ̀ òfurufú. Owó gọbọi láti ọ̀dọ̀ ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ló wà lẹ́yìn irú èyí. Ibi tí kò bá ti sí i, ẹni tó ń lọ nítòsí ló máa fi àpò ara rẹ̀ san án.

Ẹ lọ bá dánfó ní gáréèjì

Tábìlì tó dára lórí kọ̀ǹpútà lè kú sí Oṣòdì. Fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ bèèrè owó dánfó àti kẹ̀kẹ́ nígbà mẹ́ta: aago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ má bèèrè bí òṣìṣẹ́. Ẹ wọ ọkọ̀ náà, kí ẹ san owó bí èrò. Fún ọ̀nà jíjìn, ẹ ro gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ pọ̀, nítorí ẹni tó ń ti Agbádó bọ̀ wá sí Oyìngbò lè wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ìrìn tó kúrú jù ni kí ẹ tẹjú mọ́. Èrò máa gun àtẹ̀gùn, á dúró de ọkọ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Bí owó yín bá dọ́gba pẹ̀lú ti dánfó tó dúró níwájú rẹ̀ lẹ́bàá títì, dánfó ló máa wọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó yín kéré sí ti dánfó ọ̀sán ní ìrìn bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀nà jíjìn, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ló ń bá yín polówó. Ẹ lè dé iye dánfó àárọ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀, tí dánfó sọ owó di ìlọ́po méjì, ẹ jẹ́ kí tiyín dúró síbi tó wà. Ìyẹn ló máa ń sọ ẹni tó wá yẹra fún òjò di oníbàárà.

Géètì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé

Owó tó ń tẹ̀lé jíjìn kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé èrò fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Ìbéèrè tó le jù ni èyí: èló ló gbọ́dọ̀ wà nínú káàdì kí géètì tó ṣí?

Ní Netherlands, ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé owó tó lè tó €20 kúrò lórí káàdì tí èrò fi owó sí nígbà tó bá wọlé, wọ́n á dá èyí tó ṣẹ́kù padà nígbà tó bá jáde. Bí a bá ṣe irú rẹ̀ ní Agbádó, tí a ní kí ₦1,040 wà nínú káàdì, ìyá tó ní ₦450 tó ń lọ sí ibi tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦400 kò ní lè wọlé. Ìwà àìdáa ni. Bí a bá sì jẹ́ kí káàdì jẹ gbèsè, ẹni tó wọlé pẹ̀lú ₦280 lè jáde pẹ̀lú gbèsè ₦760. Bí owó káàdì tuntun bá kéré sí ìyẹn, á sọ káàdì náà sí gọ́tà, á ra òmíràn.

Ọ̀nà tí Japan ń gbà ló bá wa mu jù: kí èrò wọlé pẹ̀lú owó ìrìn tó kúrú jù, kí ibi ìfowókún wà nínú ibùdó, kí èrò tó dé géètì ìjáde. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pé á fi kún un níbẹ̀, á jáde. Ẹ fi èèyàn kan àti ẹ̀rọ kan, ó kéré tán, sí ibùdó kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́wàá, àti láti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ọkọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ bá fi ibi ìfowókún sí ìta nìkan, èrò á há sínú, ẹ̀ṣọ́ á ṣí géètì fún un ní ọ̀fẹ́, ojú ọ̀nà yẹn ò sì ní dí mọ́ láé.

Ẹni tó wọlé tí kò fi káàdì jáde, ẹ̀rọ máa gba owó tó ga jù láti ibùdó náà. Ó tọ́ bó bá jẹ́ pé ó fò géètì. Kò tọ́ bó bá jẹ́ pé iná lọ, tàbí pé èrò pọ̀ ní Marina lálẹ́ débi tí ẹ fi ṣí gbogbo géètì sílẹ̀. Nítorí náà, alákòóso ibùdó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì kan tó ń sọ fún ẹ̀rọ àárín pé "a ṣí ẹnu ọ̀nà láti aago báyìí dé aago báyìí." Gbogbo ìrìn tí kò parí láàárín wákàtí yẹn, ẹ gba owó tó kéré jù lórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ dá ìyókù padà fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, láìjẹ́ pé ìyá kankan ń kọ lẹ́tà.

Ẹ yẹ aago inú gbogbo ẹ̀rọ wò ní àràárọ̀. Bí aago géètì Ìkẹjà bá fi ìṣẹ́jú 20 lọ sẹ́yìn, èrò lè dà bí ẹni tó jáde kó tó wọlé, ẹ̀rọ á sì kà á sí ìrìn tí kò parí. Ẹni tó wọlé tó sì jáde ní ibùdó kan náà láàárín ìṣẹ́jú 15, bóyá ó gbọ́ pé ọkọ̀ pẹ́, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ kejì, àti gbèdéke owó ọjọ́

Singapore bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpapọ̀ jíjìn gba owó lórí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin pa pọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2010: ẹni tó pààrọ̀ ọkọ̀ kò san owó ìwọlé tuntun. Káàdì Cowry ti wà lórí bọ́ọ̀sì BRT, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin, nítorí náà irinṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí èrò jáde nínú àkọ́kọ́, kìlómítà á máa bá a lọ láti ibi tó dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀rọ pé ẹni tó padà sí ibi tó ti wá kì í ṣe ẹni tó pààrọ̀ ọkọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sáré lọ ra ẹja ní Oyìngbò tó sì padà sí Yábà á sanwó lílọ nìkan.

Gbèdéke ọjọ́ ni ìrànlọ́wọ́ tó dájú jù fún ẹni tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Lílọ àti bíbọ̀ láti Agbádó jẹ́ ₦2,080. Ẹ lè dá a dúró sí ₦1,800 lójúmọ́, kí káàdì má gba jù bẹ́ẹ̀ lọ bó ti wù kí èrò rìn tó. Kó tó di pé ẹ kéde rẹ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ káàdì láti mọ iye èèyàn tó ń kọjá ₦1,800, kí ẹ mọ iye tó ń bọ́.

Kí ọjọ́ tó pé

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa gba owó àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ojú géètì ìjáde máa fi owó tuntun hàn lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tábìlì máa jáde síta níbẹ̀, ṣáájú kó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ má lẹ tábìlì onígun mẹ́rin tó ní gbogbo ibùdó mọ́ ògiri. Ní Múṣín, ẹ lẹ ìwé tó sọ owó láti Múṣín sí ibùdó méje yòókù nìkan, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ní Yorùbá, Pidgin àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn tó wà nídìí géètì ní èsì kúkúrú, nítorí "ètò tuntun ni, mà" kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí ìyá ọlọ́jà bá béèrè pé kí ló dé tí owó òun fi lé, ohun tí wọ́n máa sọ ni: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Igba náírà ni ìwọlé, ìyókù jẹ́ ti kìlómítà. Láti ibí dé ibi tí ẹ̀ ń lọ, kìlómítà mẹ́tàlá ni. Bí ẹ bá sọ̀ ṣáájú, á dín kù." Kí ìwé tó ní iye kìlómítà wà lọ́wọ́ wọn láti fi hàn án.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí owó epo bá lé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí iléèwé ń wọlé. Ọjọ́ Sátidé ló dára, tí èrò kò pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá ọjọ́ kan láàárín ọdún fún àtúnyẹ̀wò, kí ẹ kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú: bí owó epo àti iná bá yí padà, owó kìlómítà ni kí ẹ fọwọ́ kàn; bí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá yí padà, owó ìwọlé ni. Ẹ lẹ ìṣirò náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì tuntun ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú tábìlì àtijọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ lè ṣírò rẹ̀.